Ẹ má tíì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bàbá

Ìbéèrè: Bàbá mi ti pé ọmọ ọdún 78. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Òkè-Àdó ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú màmá mi. Wọ́n ṣì ń wa Corolla wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Mọlété, lọ sí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ní Agodi, wọ́n sì máa ń wà á lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti kí àbúrò wọn. Láìpẹ́ yìí wọ́n fi ọkọ̀ ha géètì ilé, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọlọ́kadà kan nírọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ní kí n lọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn kíákíá. Mo dán an wò, Bàbá bi mí pé ta ló ra ọkọ̀ náà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín náà. Ó rọrùn púpọ̀ láti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ènìyàn láti òkè òkun.

Iṣẹ́ físíọ̀, ìyẹn fífi eré ìdárayá tọ́jú oríkèé àti iṣan, ni mò ń ṣe níbí ní Ìbàdàn, àwọn àgbàlagbà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi. Orúnkún tàbí ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń bá wá, àmọ́ tí a bá fi máa jókòó díẹ̀, ọ̀rọ̀ mọ́tò á ti yọjú: “Dókítà, ṣé mo ṣì lè máa wakọ̀ báyìí?” (Èmi kì í ṣe dókítà. Mo ti máa ń sọ ọ́ fún wọn tẹ́lẹ̀, mo ti dákẹ́.) Àwọn ọmọ ni kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ máa ń béèrè ni pé, “Ṣé Bàbá ò ti dàgbà jù?”

Ẹ fi ti ọjọ́ orí sílẹ̀ ná. Òfin ìrìnnà wa sọ pé ẹni tó bá máa wa ọkọ̀ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18. Kò dá ọjọ́ orí kan tí ènìyàn máa pé tí á ní kó gbé láísẹ́ńsì sílẹ̀. Mo mọ ẹni 80 tó lè gbé mi dé Ọ̀yọ́ kí n sì máa sùn nínú ọkọ̀. Mo mọ ẹni 55 tí n kò ní jẹ́ kó gbé mi dé Ring Road. Ohun tó yẹ kí ẹ wádìí ni pé kí ló ń ṣe Bàbá gan-an, ojú ọ̀nà wo ló ti ń ṣe wọ́n, àti pé ìgbà wo nínú ọjọ́ ló ń ṣe wọ́n. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀nà kan àti wákàtí mélòó kan ni ẹ máa gbà lọ́wọ́ wọn, kí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò wọn.

Ara ọkọ̀ yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí ẹ rọra yí Corolla náà po, ẹ má ṣe bí ọlọ́pàá. Ẹ wo ibi tó ti ha, ẹ wo ibi tí ọ̀dà géètì tàbí ti ògiri ti lẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ pé igun bọ́ńpà ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀ wà, ọrùn ni mo máa kọ́kọ́ fura sí: Bàbá ò lè yíjú wẹ̀yìn mọ́ tí wọ́n bá ń fi rìfáàsì jáde, wọ́n kàn ń méfò ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ bà mí lẹ́rù, torí òsì ni gbogbo wa ń jókòó sí wakọ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún jìnnà sí ojú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí àwọn fúnra wọn jókòó sí, tí díńgí òsì náà sì ti sán, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Ẹni tí kò rí ohun tó wà nítòsí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ojú òsì rẹ̀ má mọ́lẹ̀ mọ́, tàbí kí ọpọlọ rẹ̀ ti máa fo apá ibẹ̀ láìsọ fún un.

Èyí ló gbé mi dé orí ojú, ibẹ̀ ni màá sì ti pẹ́ jù.

Àìsàn ojú kan wà tí wọ́n ń pè ní gùlókómà. Ìfúnpá inú ẹyinjú ló sábà máa ń ga, tí á wá máa ba iṣan tó ń gbé ohun tí a rí lọ sí ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kì í dunni. Kì í jẹ́ kí ojú pọ́n. Etí ibi tí ojú ń rí dé ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, á fi àárín gbùngbùn sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn. Ìdí rèé tí ẹni tó ní i fi lè ka Bíbélì rẹ̀, kó ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà níwájú, kó sì ka gbogbo lẹ́tà tó wà lára pátákó nígbà tó bá lọ tún láísẹ́ńsì ṣe, síbẹ̀ tí kò ní rí ọ̀kadà tó ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀. Awakọ̀ á búra pé ńṣe ni ọ̀kadà náà kàn ṣàdédé yọ. Kò purọ́; bó ṣe rí lójú tirẹ̀ nìyẹn.

Nínú ìwádìí ojú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, nínú 100 ènìyàn tó ti pé ogójì ọdún sókè, bíi 5 ló ní gùlókómà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò sì mọ̀. Ó sì máa ń rìn nínú ìdílé, nítorí náà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé Bàbá lọ, ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ tiyín wò. Ẹ má kàn ní ẹ fẹ́ gba gíláàsì o. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá ojú, kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú, kí wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ní kéèyàn tẹjú mọ́ àárín, kó máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tó bá rí iná kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó ti bà jẹ́ kò ṣeé tún ṣe mọ́, ṣùgbọ́n òògùn tí wọ́n ń kán sójú tàbí iṣẹ́ abẹ lè dá ìyókù dúró.

Kàtáráàtì ní tirẹ̀ sàn díẹ̀, torí ó ṣeé yọ. Ohun tó wà nínú ojú tó yẹ kó mọ́ bí omi ló máa ń di kùrukùru, tí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ á wá máa fọ́n ká bí oòrùn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí wọ́n yọ ọ́ fún ló ti padà sídìí sítíárìn, tí dókítà ojú bá ti yọ̀ǹda fún wọn.

Ká tiẹ̀ ní kò sí àìsàn kankan. Tí ènìyàn bá fi máa pé 60 ọdún, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ẹ̀yìn ojú rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti ọmọ ogún ọdún lọ. Tí iná tó lágbára bá sì bu sí i lójú, ó máa ń pẹ́ kó tó tún ríran. Ẹ wá fi ìyẹn lé àwọn títì wa lórí: iná òpópónà tó ń tàn lónìí tó kú lọ́la, tírélà tó tan iná gíga tí kò fẹ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ọ̀kadà tí kò ní iná ẹ̀yìn tí ẹni tó wà lórí rẹ̀ tún wọ aṣọ dúdú. Ìrọ̀lẹ́ tí Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọlọ́kadà yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òkùnkùn tiwọn ti ṣú kí tiyín tó bẹ̀rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa bẹ̀ wọ́n fún nìyẹn: kí wọ́n má wakọ̀ mọ́ tí oòrùn bá ti ń wọ̀, àti tí òjò bá ń rọ̀.

Ẹ tún ní kí Màmá kó gbogbo òògùn Bàbá sínú ọ̀rá kan, títí kan èyí tí wọ́n fúnra wọn rà ní kẹ́míìsì. Lexotan tí wọ́n lò lálẹ́ kí oorun lè kùn wọ́n ṣì lè wà lára wọn ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Piriton tí gbogbo ayé ń lò fún ara yíyún àti ọ̀fìnkìn, oorun ni. Tírámádọ̀ fún orúnkún, òòyì ni. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún lè mú kí ojú ṣú wọn tí wọ́n bá dìde, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ mélòó kan kọjá kí wọ́n tó jókòó sídìí ọkọ̀. Tí Bàbá bá sì ní ìtọ̀ ṣúgà, tí wọ́n ń lo Daonil tàbí tí wọ́n ń gún insulín, wọn kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ kí wọ́n tún wakọ̀. Ṣúgà tó bá já wálẹ̀ lójijì á mú ọwọ́ gbọ̀n, á mú òógùn bo ara, lẹ́yìn náà ni ọpọlọ á dàrú. Kí ṣúgà oníhóró máa wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo. Ọ̀rá òògùn yẹn ni kí ẹ gbé lọ bá dókítà, kí ẹ bi í ní pàtó pé, “Èwo nínú ìwọ̀nyí ni kò bá ọkọ̀ wíwà rìn?” Tí ẹ ò bá béèrè, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má sọ.

Ẹ wá ní kí Bàbá gbé yín lọ sí Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ fẹ́ ra nǹkan. Ẹ jókòó sí iwájú, kí Màmá jókòó sẹ́yìn, kí ẹ pa fóònù. Ẹ má bá wọn wí, ẹ má sì pariwo “Jésù!” Ẹ sáà máa wo orí wọn àti ẹsẹ̀ wọn.

Ní oríta, ṣé orí wọn ń yí sọ́tùn-ún sósì, àbí ẹyinjú nìkan ló ń yí? Ọrùn tó ti gan kì í jẹ́ kí ojú dé ibi tó yẹ kó dé. Ẹ wo ẹsẹ̀ ọ̀tún: ṣé ó ń ti orí tọ́tù bọ́ sórí bíréèkì lẹ́ẹ̀kan náà, àbí wọ́n ní láti gbé gbogbo itan kí wọ́n tó gbé e débẹ̀? Ṣé wọ́n ń bojú wolẹ̀ wá bíréèkì? Ìtọ̀ ṣúgà tó ti pẹ́ lára máa ń pa ìmọ̀lára àtẹ́lẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ ò sì ní mọ èwo ló tẹ̀. Ẹ wo bàtà náà. Sálúbàtà kì í ṣe bàtà ọkọ̀. Tó bá sì jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, agbádá ńkọ́? Mo ti rí apá agbádá tó há sára jíà nígbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ fẹ́ yí ọwọ́ padà ní oríta. Kí wọ́n bọ́ ọ sí àga ẹ̀yìn. Tí wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n gbé e wọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́tí sí Màmá lẹ́yìn. Tí ẹ bá ń gbọ́ “ọ̀kadà wà lọ́tùn-ún o”, “wọ́n ti dúró níwájú”, “ẹ rọra, ọmọdé ń sọdá”, láti Òkè-Àdó títí dé Dùgbẹ̀, ojú Màmá ni Bàbá ń fi wakọ̀. Ẹ bi Màmá lẹ́yìn pé, ṣé ọkàn yín máa ń balẹ̀ tí Bàbá bá dá lọ? Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Ẹnì kankan ni kò bi wọ́n.

Inú mi máa ń dùn tó bá jẹ́ ọrùn àti ẹsẹ̀ ni wàhálà, torí iṣẹ́ tiwa nìyẹn, ó sì máa ń gbọ́ tiwa. Láàárọ̀, kí Bàbá jókòó lórí àga, kí wọ́n rọra yí àgbọ̀n sí èjìká ọ̀tún dé ibi tó bá gbà wọ́n láyè, kí wọ́n dúró níbẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n yí i sí òsì, kí wọ́n ṣe é bíi mélòó kan. Tó bá fa òòyì, kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí ẹ mú wọn wá kí a wò wọ́n. Fún ẹsẹ̀, kí wọ́n fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀, kí wọ́n máa gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè sílẹ̀, ìyẹn gan-an ni ìṣesí tọ́tù àti bíréèkì. Kí wọ́n sì máa dìde lórí àga láì fọwọ́ ti nǹkan kan. Tí wọ́n bá tẹra mọ́ ọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn fúnra wọn á rí ìyàtọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi rìfáàsì jáde ní géètì yẹn.

Nínú ọkọ̀, kí ijókòó ga tó kí wọ́n lè máa wo orí sítíárìn kọjá, kí àyà wọn fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 jìnnà sí àárín sítíárìn nítorí àpò afẹ́fẹ́ (airbag) tó ń bú jáde nígbà ìjàǹbá. Kí wínsíkírìn àti gíláàsì ojú wọn mọ́ tónítóní. Bẹ́líìtì kò ní àríyànjiyàn: egungun àyà àgbà kì í gba ìgbá tí ti ọ̀dọ́ ń gbà.

Tó bá kan ọ̀nà, Èkó ni mo máa kọ́kọ́ yọ. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 gùn tó bíi kìlómítà 127, tírélà ló kún ibẹ̀, kò sì sí ìdí tí ẹni ọdún 78 fi gbọ́dọ̀ bá wọn du ọ̀nà níbẹ̀. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Mọ́níyà lọ sí Èbúté Mẹ́ta. Mo mọ̀ pé Mọ́níyà jìnnà sí Òkè-Àdó, ẹnì kan á ní láti gbé wọn débẹ̀, kí ẹlòmíràn lọ pàdé wọn ní Èkó. Síbẹ̀, kí wọ́n jókòó sí ojú fèrèsé kí wọ́n máa ka ìwé ìròyìn sàn ju kí wọ́n máa sá fún tírélà lọ.

Nínú ìgboro, oríta ni àgbàlagbà ti máa ń ṣèṣì jù, pàápàá tí wọ́n bá fẹ́ kọ sósì gba iwájú àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ kọjá. Ẹ ro ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: kéèyàn díwọ̀n eré ọkọ̀ tó ń bọ̀, kó wo ọ̀kadà tó fẹ́ gba àárín, kó wo ìyá tó ń fẹsẹ̀ sọdá, kí Máíkírà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì máa fọn fèrè lé e lórí. Ẹ bá Bàbá jókòó, kí ẹ jọ tún ọ̀nà Mọlété àti ti Agodi yà lórí ìwé, kó jẹ́ pé ọ̀tún ni wọ́n á máa kọ sí jù. Níbi tó bá ti di dandan kí wọ́n kọ sósì, kó jẹ́ ibi tí iná tàbí wọ́dà ti ń dá ọkọ̀ dúró. Kí wọ́n lọ yí po níwájú kì í ṣe ẹ̀gàn. Kí wọ́n jáde lẹ́yìn tí àwọn tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé bá ti lọ tán, kí wọ́n sì padà sílé kí iléèwé tó jáde. Ní ti àwọn tó ń fọn fèrè lẹ́yìn, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa fọn ọ́n.

Ẹ lè ní Bàbá ò ní gbà, pé àgbà kì í yí padà. Tí wọ́n bá ti ń wakọ̀ kí ó tó di 1972, ọwọ́ òsì ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún yẹn ni Nàìjíríà ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n sì bọ́ sí i. Ẹni tó lè yí ọwọ́ padà bẹ́ẹ̀ lè yí wákàtí padà. Ohun tí wọn kò ní gbà ni kí ọmọ wọn pàṣẹ fún wọn.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó ti ẹnu yín jáde. Ẹ bi wọ́n ni: “Bàbá, ọ̀nà wo ló ń ni yín lára jù báyìí?” kí ẹ sì dákẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ pé wọ́n ti ń yẹra fún Bẹẹrẹ fúnra wọn tipẹ́, wọn ò kàn sọ. Ohun tó bá le, ẹ jẹ́ kí dókítà sọ ọ́. Ní UCH, ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà kan wà tí wọ́n ṣí ní 2012, tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè. Ẹ gbé Bàbá lọ síbẹ̀ fún àyẹ̀wò gbogbo ara, kí ẹ ti kọ gbogbo ohun tí ẹ ti rí sínú ìwé kí ẹ tó lọ. Ọ̀rẹ́ wọn kan nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tó ti gba dẹ́rẹ́bà náà wúlò. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ pé òun ti ń jókòó sí àga ẹ̀yìn báyìí bí ọ̀gá, ọ̀rọ̀ á rọrùn ju ìwàásù wa lọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gba àpérò. Tí Bàbá bá ṣìnà lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń lọ láti ọdún pípẹ́. Tí wọ́n bá tẹ tọ́tù níbi tí wọ́n fẹ́ tẹ bíréèkì. Tí wọ́n bá dákú, tí wárápá bá gbé wọn, tí ẹnu bá ṣàdédé wọ́ tàbí tí ọwọ́ kan kú, kódà kó padà sípò láàárín wákàtí kan. Tí wọ́n bá gba ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà bọ̀ láìmọ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ wakọ̀ padà sílé lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n má sì tún wà á títí dókítà á fi sọ̀rọ̀. Ti ẹnu tó wọ́ tàbí ọwọ́ tó kú ní tiẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn gbà lọ tààrà, kì í ṣe ilé.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba ohunkóhun, wákàtí kan ì báà ṣe, ẹ ti ní ohun tó máa dípò rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ìwádìí láti òkè òkun ti fi hàn léraléra pé àgbàlagbà tó bá ṣíwọ́ ọkọ̀ wíwà sábà máa ń rẹ̀wẹ̀sì, kì í jáde mọ́, ara rẹ̀ á sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn. Bàbá tí kò lè dé ìpàdé Agodi mọ́ á jókòó sójú tẹlifíṣọ̀n, nígbà tó bá yá, orúnkún á gan, èmi ni ẹ máa wá gbé e fún. Ẹ wá takisí kan tí Màmá fọkàn tán, tó ní fóònù, tí kò ń sáré, kí ẹ bá a ṣe àdéhùn fún ọjọ́ tó bá bọ́ sí ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń pe Bolt, tí wọ́n bá fẹ́. Dẹ́rẹ́bà tó ń wá lọ́jọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ dára jù, torí ọkọ̀ Bàbá ni yóò máa wà, Bàbá ni yóò sì máa sọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ pè é padà. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò gba kọ́kọ́rọ́ o, pé Bàbá ò ní wakọ̀ lọ sí Èkó mọ́, wọn ò sì ní wà á lálẹ́, àti pé owó dẹ́rẹ́bà ni ẹ ń retí lọ́wọ́ òun lóṣooṣù, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù yìí.